Abẹ̀bẹ̀ dróònù yín ò yí, ẹ sì ń wá súwíìṣì? Sítíìkì ni kẹ́ ẹ fà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dróònù, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń tojú sú u rèé: ó ti tan rìmóòtì, ó ti tan dróònù fúnra ẹ̀, iná ń ṣẹ́jú, àwòrán ti jáde lórí fóònù, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ ò yí. Á wá súwíìṣì títí, á tẹ tọ̀tún, á tẹ tòsì, ibi tó ti ń tẹ nǹkan kiri yẹn lẹlòmíì á ti yí sẹ́tìǹgì pa dà láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ súwíìṣì tó ń wá yẹn ò sí níbẹ̀ rárá. Sítíìkì méjèèjì tó fẹ́ fi darí ẹ̀ náà ló máa fi ṣí i.

Ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ní Ìjẹ̀bú níbí, torí dróònù ti pọ̀ nílẹ̀ wa. Òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìṣílé, títí kan Ojúde Ọba tí gbogbo kámẹ́rámáànù ń dà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò sí èyí tí wọn ò ní gbé dróònù lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á kàn rí i pé ọ̀gá òun fa sítíìkì méjèèjì sí kọ́nà, abẹ̀bẹ̀ yí, òun náà á há a sórí, kò mọ ìdí ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé dróònù mìíì lé e lọ́wọ́ tí kọ́nà yẹn ò ṣiṣẹ́, tàbí tó ṣiṣẹ́ nígbà tí kò yẹ kó ṣiṣẹ́, wàhálà dé nìyẹn. Ìdí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kò sí irú dróònù tí wọ́n máa gbé fún un tó máa dà á lójú rú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí dróònù ń gbọ́. Rìmóòtì kì í sọ fún un pé "máa lọ síwájú" tàbí "tan abẹ̀bẹ̀". Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́ sí i, léraléra, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá ni wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Lórí rìmóòtì táwọn tó ń to dróònù fúnra wọn ń lò, nọ́ńbà yẹn máa ń wà láàárín 1000 sí 2000, tí sítíìkì bá wà láàárín gbùngbùn 1500 ni, tẹ́ ẹ bá fà á dé òpin lápá kan ó di 1000, tẹ́ ẹ bá tì í dé òpin lápá kejì ó di 2000. Sítíìkì kan ń lọ sókè sódò, ó tún ń lọ sọ́tùn-ún sósì, torí náà ṣánẹ́ẹ̀lì méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀. Throttle ló ń gbé dróònù sókè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yaw ló ń yí imú ẹ̀ lójú kan, pitch ló ń tì í síwájú sẹ́yìn, roll ló ń tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Súwíìṣì ńkọ́? Nọ́ńbà lòun náà ń fi ránṣẹ́. Ẹ tì í sápá kan, 1000, ẹ tì í sápá kejì, 2000, èyí tó bá ní ipò mẹ́ta á fi 1500 sáàárín. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyẹn o: dróònù ò mọ̀ bóyá súwíìṣì ni ìka yín tì tàbí sítíìkì. Nọ́ńbà lòun rí. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹ̀ lè sọ fún un pé tí throttle bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí yaw náà sì wà lọ́tùn-ún pátápátá, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó ṣí abẹ̀bẹ̀. Àṣẹ ti dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan súwíìṣì. Arm làwọn tó ń fò ó ń pe ṣíṣí yìí, wọ́n ń pe títì ẹ̀ ní disarm, ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan kọ́nà ni. Ẹni tó ń fò jẹ́jẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kó fa throttle wálẹ̀ dé òpin, kó tún ti yaw dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì dì í mú síbẹ̀. Bíi ti ìgò oògùn tí wọ́n ní kéèyàn tẹ ìdérí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó yí i ló ṣe rí, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́, ó lè yí i, àmọ́ kó ṣe méjèèjì pọ̀ ló le. Súwíìṣì ò ní irú ààbò yẹn. Ẹ ti rìmóòtì bọ báàgì, okùn kámẹ́rà fa súwíìṣì, ó ti yí nìyẹn, ẹ ò mọ̀. Òótọ́ ni pé Betaflight, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà tó ń darí dróònù, gbọ́n díẹ̀ níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé súwíìṣì arm ti wà ní títàn kẹ́ ẹ tó ki bátìrì bọ dróònù, kò ní gbà fún yín, á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa á ná kẹ́ ẹ tó tún un tàn.

Ìdí kejì ni pé ṣánẹ́ẹ̀lì ò tó. Ẹ wo FlySky FS-i6 tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to dróònù torí pé kò wọ́n. Súwíìṣì mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, láti SWA dé SWD, ó tún ní nǹkan méjì tí wọ́n ń yí, àmọ́ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà péré ló ń fi ránṣẹ́. Sítíìkì ti gba mẹ́rin níbẹ̀. Méjì ló kù. Ẹ fi ọ̀kan ṣí abẹ̀bẹ̀, ẹ fi ìkejì yan irú fífò tẹ́ ẹ fẹ́, ó tán. Kí lẹ fẹ́ fi pe dróònù pa dà wálé? Kí lẹ fẹ́ fi tún jáírò ẹ̀ ṣe, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń sọ fún un bó ṣe ń yí? Láyé ìgbà tí dróònù àtowọ́dá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ rìmóòtì ò tiẹ̀ tó ìyẹn. Alexandre Dubus gbé MultiWii, sọ́fítíwíà tó ń darí dróònù, jáde ní 2010, jáírò tó wà nínú nǹkan ìṣeré Nintendo Wii ló yọ lò, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá, àwọn tó ń lò ó nígbà yẹn ń fa sítíìkì sí kọ́nà láti fi pàṣẹ. Lára MultiWii ni Baseflight ti jáde, Cleanflight jáde lára ìyẹn, Betaflight táwọn ọmọ FPV, ìyẹn àwọn tó ń fi gògúlù wo ohun tí kámẹ́rà dróònù ń rí bí wọ́n ṣe ń fò ó, ń lò lónìí jáde lára Cleanflight, àṣà sítíìkì yẹn sì ń bá wọn bọ̀. Bọ́ọ̀dù KK2 náà, èyí tó ní ojú kékeré àti bọ́tìnnì mẹ́rin, throttle ìsàlẹ̀ àti yaw ọ̀tún ló ń fi ṣí.

Ó yá, ti dróònù ilé iṣẹ́ DJI ná, torí òun ló pọ̀ jù lóde àríyá. Ẹ fa sítíìkì méjèèjì sí kọ́nà ìsàlẹ̀ tó wà nínú, kí àtàǹpàkò yín méjèèjì kọjú síra, tàbí kọ́nà ìsàlẹ̀ tó wà níta, kí wọ́n kẹ̀yìn síra. Abẹ̀bẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ fi sítíìkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti throttle sókè jẹ́jẹ́. Tó bá balẹ̀, ẹ fa throttle wálẹ̀ kẹ́ ẹ dì í mú títí abẹ̀bẹ̀ á fi dúró. Nǹkan kan wà tí ò hàn sójú níbẹ̀: sítíìkì DJI ní sípíríǹgì, tẹ́ ẹ bá ti fi í sílẹ̀ àárín ló ń pa dà sí, àárín sì túmọ̀ sí pé kí dróònù dúró sójú kan lókè. Torí ẹ̀ ni kọ́nà ìsàlẹ̀ ò ṣe lè ṣàdédé wáyé tí rìmóòtì bá kàn wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹnì kan ní láti fọwọ́ fà á.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán lóde fetí sílẹ̀ dáadáa rèé. Kọ́nà tó ń ṣí abẹ̀bẹ̀ yìí náà lè pa á nígbà tó ṣì wà lójú sánmọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ app DJI Fly, lọ sí Safety, ẹ máa rí Emergency Propeller Stop nínú àwọn sẹ́tìǹgì tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ohun méjì lẹ lè yàn. Ti Emergency Only, abẹ̀bẹ̀ ò ní kú lókè àfi tí nǹkan bá ti bà jẹ́ gidi, bíi kí dróònù forí gbá nǹkan, kó máa yí gbiri, tàbí kó máa sá lọ sókè láìgbọ́ràn. Ti Anytime, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti fa sítíìkì méjèèjì sí kọ́nà, ó kú nìyẹn, ó ń já bọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí Emergency Only. Ti Phantom 4, dróònù DJI kan, wọ́n tiẹ̀ ya ti ìpakú lókè sọ́tọ̀, sítíìkì òsì ní kọ́nà ìsàlẹ̀ inú pẹ̀lú bọ́tìnnì ìpadàwálé ni wọ́n ní kéèyàn tẹ̀ pọ̀, ìyẹn sì dáa.

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ Ojúde Ọba. Àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀, ìbọn ń dún, àwọn régbérégbé tò lọ nínú aṣọ tó ń dán, ọmọdé wà léjìká bàbá wọn, dróònù sì wà lókè orí gbogbo wọn. Ẹni tó ń fò ó fẹ́ kó yára sọ̀ kalẹ̀ kó sì máa yí bọ̀, ó fa throttle wálẹ̀ dé òpin, ó fa yaw dé òpin, àtàǹpàkò kejì náà ń fa pitch sẹ́yìn kó lè jìnnà sí èrò, roll ò sì jìnnà mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kọ́nà tá à ń sọ yẹn. Tó bá jẹ́ Anytime ló wà níbẹ̀, DJI Mini tí ò tó gíráàmù 250 pàápàá tó bá já látòkè á ṣèèyàn léṣe, ẹ má tíì wá sọ ti Phantom, ẹṣin tó bá sì ta gìrì láàárín èrò burú ju dróònù lọ. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò nílé, kó tó di ọjọ́ òde.

Ti Betaflight yàtọ̀, òun ló sì ní sítíìkì jù. Tẹ́ ẹ ò bá tíì fún arm ní súwíìṣì, tí wọ́n sì ṣí ti sítíìkì sílẹ̀ níbẹ̀, throttle ìsàlẹ̀ pẹ̀lú yaw ọ̀tún ló ń ṣí i, throttle ìsàlẹ̀ pẹ̀lú yaw òsì ló ń tì í, sítíìkì kejì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fi arm sórí súwíìṣì, sítíìkì ò lè ṣí i mọ́. Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọn àṣẹ sítíìkì tó kù ṣì wà níbẹ̀, ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ bá wà ní títì nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì wúlò gan-an. Throttle ìsàlẹ̀, yaw òsì, pitch sẹ́yìn, jáírò á tún ara ẹ̀ ṣe. Throttle òkè, yaw òsì, pitch sẹ́yìn, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ ohun tí ilẹ̀ tó tẹ́jú jẹ́, torí náà orí tábìlì tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí kẹ́ ẹ tó ṣe é. Throttle àárín, yaw òsì, pitch síwájú, mẹ́nù á jáde lójú gògúlù yín, ẹ wá fi pitch máa lọ sókè sódò nínú ẹ̀, ẹ fi roll ọ̀tún wọlé. Ẹni tó bá mọ ti mẹ́nù yìí lè yí agbára tó fi ń ta fídíò pa dà lórí pápá láìgbé láptọ́ọ̀pù dání, kò sì sí súwíìṣì kankan tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀ tó máa rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ fún arm lórí FPV, èmi ò fara mọ́ sítíìkì rárá, mi ò sì ní sọ ọ́ méjì. Rìmóòtì tí wọ́n fi ń fo FPV, throttle ẹ̀ kì í ní sípíríǹgì, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ló ń wà. Tí dróònù bá wà nílẹ̀, throttle ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdajì àṣẹ ti wà níbẹ̀ ṣáá, yaw nìkan ló kù. Ọmọ tó bá kàn gbé rìmóòtì nílẹ̀ tí àtàǹpàkò ẹ̀ ti sítíìkì òsì sọ́tùn-ún, abẹ̀bẹ̀ ti yí nìyẹn, ọwọ́ ẹlòmíì sì lè wà níbẹ̀. Lókè náà, ọmọ FPV máa ń dojú dróònù délẹ̀, á já a wálẹ̀, á pa throttle pátápátá láàárín ẹ̀ kó má bàa fi ara ẹ̀ gbá ilẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń fẹ́ yí imú ẹ̀ sósì. Throttle ìsàlẹ̀, yaw òsì. Ẹ ti ti abẹ̀bẹ̀ pa lójú sánmọ̀, dróònù á máa rò pé ẹ̀yin lẹ ní kóun ṣe é. Súwíìṣì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ọ̀kan nínú ṣánẹ́ẹ̀lì méjì tó kù yẹn, kẹ́ ẹ fi sítíìkì sílẹ̀ fún mẹ́nù àti títún jáírò ṣe.

Àwọn tó ń fi dróònù ya máàpù ilẹ̀ tàbí tó ń fín oògùn sóko máa ń bá ArduPilot pàdé, sọ́fítíwíà mìíì tó ń darí dróònù. Throttle ìsàlẹ̀, yaw ọ̀tún, ẹ dì í mú díẹ̀, ó ṣí. Ẹ má dì í mú pẹ́ jù, torí tó bá pẹ́ á wọ AutoTrim, ìyẹn títún ìdúró ẹ̀ lókè ṣe, nǹkan mìíì nìyẹn. Throttle ìsàlẹ̀, yaw òsì ló ń tì í. Tó bá wà ní irú fífò tí kọ̀ǹpútà ń bá yín di gíga mú, kò ní gbà kẹ́ ẹ tì í pa àfi tó bá ti balẹ̀, àmọ́ ní Stabilize, níbi tó ti jẹ́ ọwọ́ yín ló ń di throttle, á gbà o. Sẹ́tìǹgì ẹ̀ ń jẹ́ ARMING_RUDDER: 0 ni pé kò sí sítíìkì rárá, 1 ni pé ó lè ṣí kò lè tì, 2 ni pé ó lè ṣe méjèèjì. Èmi á ní kẹ́ ẹ fi sí 1. Ti dróònù ọmọdé tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn, throttle sókè dé òpin kó tún wálẹ̀ ló ń jẹ́ kí rìmóòtì dá a mọ̀, lẹ́yìn yẹn ìwé tó wà nínú páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí wọn ò dọ́gba.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tí kò ṣí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo irú rìmóòtì tó jẹ́. Mode 2 ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa, throttle àti yaw wà lórí sítíìkì òsì. Mode 1 náà wà, pàápàá nínú tòkúnbọ̀, throttle wà lọ́tùn-ún níbẹ̀, yaw ṣì wà lósì. Àṣẹ ò yí pa dà, ọwọ́ tó ń ṣe é ló yí pa dà: sítíìkì ọ̀tún lẹ máa fà wálẹ̀, kẹ́ ẹ ti ti òsì sọ́tùn-ún. Ẹni tó fi ọwọ́ Mode 2 fa ti Mode 1, pitch ló ń fà sẹ́yìn, á máa bínú sí dróònù lásán.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, nọ́ńbà ni ò dé òpin. Betaflight ní kí yaw kọjá 1900 kóun tó gbà pé ó ti dé ọ̀tún pátápátá, ó sì ní kí throttle wà lábẹ́ 1050. Ọmọ ìṣẹ́ kan gbé FS-i6 wá ní Ṣàgámù, ó ní sítíìkì òun ti kú, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ò tíì bẹ̀ ẹ́. A fi wáyà USB so dróònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, láìsí abẹ̀bẹ̀ lára ẹ̀, a ṣí abala Receiver, ó ti yaw sọ́tùn-ún títí sítíìkì fi kan ẹ̀gbẹ́, ìlà tó wà lójú láptọ́ọ̀pù dúró sí 1860, kò kúrò níbẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lábẹ́ sítíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní trim, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sósì láìmọ̀, àárín yaw ẹ̀ ò tiẹ̀ sí ní 1500 mọ́. A dá trim pa dà sáàárín, a wọ End points nínú mẹ́nù rìmóòtì, a fi kún ti yaw díẹ̀, ìlà yẹn fò kọjá 1900, dróònù gbà. Sítíìkì ẹ̀ ò ní àìsàn kankan látìbẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn kọ́nà yìí, tẹ́ ẹ sì ń lo èyí tẹ́ ẹ tò fúnra yín, ẹ tú abẹ̀bẹ̀ kúrò lára ẹ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wá máa ṣí i kẹ́ ẹ máa tì í nínú yàrá títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ gbé e jáde, ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò ìjọba àpapọ̀ ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ sì mọ̀ pé pápákọ̀ òfuurufú Gateway wà láàárín Ìpẹru sí Ìlíṣàn, ẹ má fò nítòsí ibẹ̀, ì báà jẹ́ ti ìdánwò lásán. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé rìmóòtì lé ọmọ ìṣẹ́ lọ́wọ́ lóde, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ kọ́nà tó ń pa abẹ̀bẹ̀ lórí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, kì í ṣe tàná, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gbé e gbéra.